Kírísítálì wẹ́wẹ́ mi ti funfun nínú àpótí, pyrite sì ń hu lẹ́búlẹ́bú

Òkúta_Wẹ́wẹ́ (Ìkòròdú)
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Kírísítálì wẹ́wẹ́ ni mò ń kó jọ. Èyí tó kéré jù jẹ́ mílímítà 2, èyí tó tóbi jù kò ju 8 lọ. Tourmaline dúdú àti aláwọ̀ ewé ló pọ̀ jù, quartz tẹ̀lé e, pyrite sì wà díẹ̀. Inú pàǹtí tí àwọn tó ń wa òkúta ní Òkè-Ògùn kó dànù ni tourmaline náà ti wá. Igi ìtayín ni mo gún sínú àpótí ike kéékèèké, mo fi súpà gúlù lẹ kírísítálì mọ́ ọn lórí, mo sì dé e pa lọ́jọ́ kan náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nǹkan funfun bíi kùrukùru bo ojú tourmaline, kò dán mọ́. Pyrite ń hu lẹ́búlẹ́bú funfun tó fẹ́ pọ́n díẹ̀, ó sì ń jẹ bébà tí mo kọ orúkọ rẹ̀ sí. Quartz tí mo fi omi bohóòlù fọ̀ tún ti pọ́n bí irin tó dóògún. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ará_Ẹ̀pẹ́
Àbúrò, ọ̀rinrin ni. Ìkòròdú sún mọ́ ọ̀sà, àsìkò òjò la sì wà. Da ìrẹsì gbígbẹ sínú ike ńlá kan, kó gbogbo àpótí náà sí i, dé e pa fún ọ̀sẹ̀ kan. Funfun yẹn á lọ.

Ìyá_Kírísítálì (Ìkòròdú)
Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀pẹ́, ẹ má bínú, ìrẹsì kọ́. Ìrẹsì kì í fa ọ̀rinrin tó bẹ́ẹ̀. Ìyẹ̀fun àti kòkòrò rẹ̀ ló máa kó wọ inú àpótí.

Funfun tó wà lára tourmaline yẹn, èéfín súpà gúlù ni. Bí súpà gúlù bá ń gbẹ, díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń fò bí èéfín. Èéfín náà á bá ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ pàdé, á le, á sì bà sórí ohun tó bá sún mọ́ ọn bí eérú funfun. Ẹni tó bá dé àpótí kí ó tó gbẹ tán ti há èéfín náà mọ́ inú, orí kírísítálì ló máa sùn. Bí gọ́ọ̀mù bá ṣe pọ̀ tó ni funfun máa pọ̀ tó.

Fún òkúta tí kò ju mílímítà 8 lọ, gọ́ọ̀mù funfun táwọn káfíńtà ń lò ti tó. Gé ṣóńṣó igi ìtayín náà kí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, nítorí orí ṣóńṣó kò ní àyè tí òkúta máa jókòó lé. Kun igi náà ní dúdú kí o tó lẹ nǹkan kan mọ́ ọn. Kí gọ́ọ̀mù má ju orí píìnì lọ. Dúró ìṣẹ́jú kan kí ó kọ́kọ́ yi, ìgbà yẹn ni kí o gbé kírísítálì lé e. Tó bá ṣì ń ṣàn, á gun ara kírísítálì lọ láàárín ihò tín-ín-rín, kò sì sẹ́ni tó lè fọ̀ ọ́ kúrò níbẹ̀ láìfọ́ ọ. Fi àpótí sílẹ̀ láìdé fún wákàtí 24. Fún èyí tó kéré ju mílímítà 1 lọ, igi ìtayín ti nípọn jù. Ẹyọ ìgbálẹ̀ tí a gé ní mílímítà 10 ló dáa fún un.

Yanrìn_Dúdú (Àgbádárìgì)
Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò ká tó dájọ́. Funfun mẹ́ta ló jọra wọn, ìtọ́jú wọn sì yàtọ̀.

Òkúta_Wẹ́wẹ́, kọ́kọ́ wo inú ìdérí àpótí náà. Tí funfun bá wà lára ìdérí pẹ̀lú, èéfín gọ́ọ̀mù ni. Tí kò bá sí lára ìdérí, tó jẹ́ pé inú ìlà àti kọ̀rọ̀ kírísítálì nìkan ló kó jọ sí, omi tó gbẹ síbẹ̀ ló fi iyọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, yọ òkúta kan jáde kúrò nínú ike pátápátá, rẹ orí igi ìtayín kan sínú asítónì, fi kan ibì kan. Funfun gọ́ọ̀mù á yọ́. Funfun omi kò ní mira, àmọ́ ẹ̀kán ọtí kíkan kan á jẹ ẹ́. Tourmaline àti quartz kò bẹ̀rù ọtí kíkan. Má fi dán calcite, ohun tó wà nínú òkúta ẹfun, wò.

Èyí tí kò gbọ́ ti asítónì, tí kò gbọ́ ti ọtí kíkan, tó sì jẹ́ pé o ti fi oxalic acid (ásíìdì tí a fi ń bọ́ dóògún) fọ òkúta náà rí, yàtọ̀ sí méjèèjì. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ èsì rẹ̀ ná.

Olùkọ́_Àpáta (Ẹ̀pẹ́)
Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ súpà gúlù. Ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ gọ́ọ̀mù káfíńtà ní agbègbè tiwa. Ó máa ń rọ̀ bí afẹ́fẹ́ bá kún fún omi, òkúta tó wúwo bíi galena (òkúta òjé) á sì wó kúrò lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Galena wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po 7.5, quartz kò ju 2.65 lọ, nítorí náà ohun tó gbé quartz lè má gbé galena. Ohun táwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ń lò ni gọ́ọ̀mù Paraloid B-72: hóró bíi gíláàsì ni, asítónì la fi ń yọ́ ọ, asítónì náà la ó sì fi tú u bó bá di dandan. Ẹni tí kò bá rí i rà kó lo ẹpọ́sì oní túùbù méjì, kó po wọ́n dọ́gba-dọ́gba. Ẹpọ́sì kì í tú mọ́ o, nítorí náà kọ́kọ́ mọ apá tí o fẹ́ kó kọjú sókè.

Ìta àpótí ni kí o ti lẹ òkúta mọ́ igi, kí o tó gbé igi náà wọ inú. Ike tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, tó sì máa ń sán bó bá bọ́ sílẹ̀, asítónì á yọ́ ojú rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọ̀dà tí a fi ń fọ́n bẹ́ẹ̀ gan-an. Ọ̀dà olómi dúdú tí kì í dán ni kí o fi kun inú rẹ̀, tàbí kí o gé káàdì dúdú sí i.

Ní ti pyrite: irin àti imí ọjọ́ ni pyrite. Bí afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin bá dé inú àlàfo ara rẹ̀, á di iyọ̀ irin funfun àti sulfuric acid. Ásíìdì yẹn ló ń jẹ bébà rẹ, ó sì lè jẹ àwọn òkúta tó wà nítòsí. Yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn yòókù lónìí. Fi búrọ́ṣì gbígbẹ gbọn lẹ́bú náà dànù, má fi omi kàn án. Rì í sínú sípíríìtì fún ìṣẹ́jú díẹ̀, gbé e síbi tí fáànù ń fẹ́ títí yóò fi gbẹ, kí o sì fi sínú ike tirẹ̀ pẹ̀lú sílíkà jẹ́ẹ̀lì (hóró tó ń fa ọ̀rinrin). Èyí tó ti sán dé inú kò ní padà bọ̀ sípò. Èyí tó ṣì ń dán, tí etí rẹ̀ mú, á pẹ́ bí ọ̀rinrin kò bá kọjá ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Ra aago kékeré tó ń ka ọ̀rinrin, kò wọ́n.

Ará_Ẹ̀pẹ́
Mo gbà fún Ìyá_Kírísítálì lórí ìrẹsì. Ti quartz tó pọ́n ńkọ́? Ọsàn wẹ́wẹ́ ni kó fún sí i, kó fi sílẹ̀ mọ́jú. Ó máa ń bọ́ dóògún lára ọ̀bẹ, á bọ́ ọ lára òkúta.

Olùkọ́_Àpáta (Ẹ̀pẹ́)
Ọsàn wẹ́wẹ́ á ṣiṣẹ́ díẹ̀ lára quartz, àmọ́ ṣúgà inú rẹ̀ máa ń ṣẹ́ kù sínú kọ̀rọ̀, èèrà àti èébu á sì tẹ̀lé e. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn tó ní òkúta ẹfun láti Ewékorò tàbí Ṣágámù nílé á ka ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n á sì dà á lé calcite. Á jẹ ojú calcite di gbàgìdì.

Ohun tó tọ́ sí quartz tó ní dóògún ni oxalic acid. Gíráàmù 50 sínú omi lítà kan, nínú ike, kì í ṣe ìkòkò alumíníọ́mù. Ohun olóró ni: ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ìta gbangba, kí ọmọdé má sún mọ́ ọn, kí a má sì gbé e kaná nítorí èéfín rẹ̀. Fi òkúta sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, rì í sínú omi mìíràn, kí o máa pààrọ̀ omi náà láàárọ̀ lálẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Má ṣe lo ó fún ohun tó ní calcite lára rárá. Yóò di ìpele funfun tí omi kò lè yọ́. Funfun kẹta tí Yanrìn_Dúdú ń sọ nìyẹn. Má sì da ásíìdì kankan pọ̀ mọ́ omi ìfọṣọ tó ń bó aṣọ. Afẹ́fẹ́ chlorine tó máa jáde níbẹ̀ lè pa ènìyàn.

Ìyá_Kírísítálì (Ìkòròdú)
Kí n fi kún ti olùkọ́ wa. Òkúta náà mọ́ nígbà tó fọ̀ ọ́, omi bohóòlù ló tún kùn ún. Omi abẹ́ ilẹ̀ wa níhìn-ín sábà máa ń ní irin. Á mọ́ gaara nígbà tó bá ń jáde, bí afẹ́fẹ́ bá kàn án á pọ́n. Ẹ wo ìdí táńkì yín. Bohóòlù lè fọ ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n omi ìkẹyìn gbọ́dọ̀ jẹ́ omi bátìrì, tí kò ní irin tàbí iyọ̀. Kí ẹ sì ṣọ́ra níbi táwọn tó ń ṣe bátìrì ti ń tà á: omi bátìrì wà, ásíìdì bátìrì náà wà, ìgò méjèèjì sì máa ń jọra. Ka ara ìgò, má gba èyí tí wọ́n bù láti inú jálá. Tí kò bá sí, omi òjò tí a gbe ní gbangba lẹ́yìn tí òjò ti rọ̀ fún ìdajì wákàtí, kì í ṣe èyí tó ti orí páánù ṣàn wá.

Òkúta_Wẹ́wẹ́ (Ìkòròdú)
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò: funfun wà nínú ìdérí, asítónì sì yọ́ ti ara tourmaline. Súpà gúlù ni. Mo ti yọ pyrite sọ́tọ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ìkejì: lẹ́ǹsì ọwọ́ oní-10 ni mò ń lò. Ẹnì kan fẹ́ ta máíkírósíkóòpù ilé ẹ̀kọ́ fún mi, èyí tó ń mú nǹkan tóbi dé ìlọ́po 400. Ṣé kí n rà á?

Awò_Méjì (Ìkòròdú)
Má rà á. Ìsàlẹ̀ ni iná rẹ̀ ti ń wá, bẹ́ẹ̀ òkúta kì í jẹ́ kí iná là á kọjá, òjìji dúdú ni wàá máa rí. Ohun tó yẹ ọ́ ni oníhò méjì tí ojú méjèèjì ń wò lẹ́ẹ̀kan náà, tó ń mú nǹkan tóbi láti 10 dé 40. Ní 10, wàá rí nǹkan bíi mílímítà 20 ní fífẹ̀, gbogbo àpótí rẹ nìyẹn. Ní 40, wàá rí mílímítà 5. A kì í sábà nílò kọjá ibẹ̀.

Yanrìn_Dúdú (Àgbádárìgì)
Kò fi bẹ́ẹ̀ burú tó o sọ yẹn. Tó bá rí ti ilé ẹ̀kọ́ ní owó pọ́ọ́kú, kó gbàgbé 400. Lẹ́ǹsì ìsàlẹ̀ tó kéré jù, oní-4, pẹ̀lú lẹ́ǹsì ojú oní-10, ti fún un ní 40. Àlàfo sẹ̀ǹtímítà kan àti díẹ̀ á wà láàárín lẹ́ǹsì àti òkúta, ó tó láti fi tọ́ọ̀ṣì tàn án láti ẹ̀gbẹ́. Kó pa iná ìsàlẹ̀. Ohun tó máa yọ ọ́ lẹ́nu ni pé orí á di ìdí, ọ̀tún á di òsì, ibi tó hàn kedere kò sì ní jìn.

Awò_Méjì (Ìkòròdú)
Mo gbà, fún òkúta tó wà níta. Èyí tó wà nísàlẹ̀ àpótí, etí àpótí á kọ lu lẹ́ǹsì. Ohun tí mo tún fẹ́ kìlọ̀ fún un ni àwọn kékeré tí a ń so mọ́ fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n kọ 1000 sí lára. Irọ́ ni 1000 yẹn. Àwòrán orí ojú fóònù ni wọ́n fẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n rí ohun tuntun.

Iná ṣe pàtàkì ju agbára lẹ́ǹsì lọ. Tọ́ọ̀ṣì méjì, ọ̀kan láti òsì, ọ̀kan láti ọ̀tún, kí tíṣù ìpele kan bo ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ojú kírísítálì má baà máa kọ mànà. Tó bá tàn dáadáa, wo ìlà ara rẹ̀: ti tourmaline máa ń lọ lóòró láti ìdí dé orí, ti quartz máa ń là á lọ́nà ìbú. Tó bá jẹ́ onígun mẹ́fà tó dán, tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, beryl lè nìyẹn. Apatite náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọ̀bẹ irin líle lè họ apatite, kò lè họ beryl. Èyí tó já ni kí o fi dán an wò, má họ èyí tó pé.

Fún àwòrán: gbé fóònù lé ihò awò (máíkírósíkóòpù), ya bíi 20, kí o máa yí awò sókè díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o wá fi Picolay, ètò orí kọ̀ǹpútà kan, pa wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan. Ọ̀fẹ́ ni.

Ìyá_Kírísítálì (Ìkòròdú)
Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún àbúrò yìí: pàǹtí Òkè-Ògùn yẹn dáa ju bó ṣe rò lọ. Àwọ̀ àti mímọ́ gaara lẹni tó ń ta òkúta iyebíye n wá, nítorí gígé ló fẹ́ gé e. Tourmaline mílímítà 3 tí àwọ̀ rẹ̀ ṣá kò wúlò fún un. Àwa, orí rẹ̀ la ń wò: ṣé ó parí síbi tó yẹ kó parí sí, ṣé etí rẹ̀ mú, ṣé kò sán? Kírísítálì ńlá tí gbogbo ojú rẹ̀ pé ṣọ̀wọ́n púpọ̀ torí ó ti kọ lu àpáta tó yí i ká. Kékeré tó dàgbà nínú ihò kékeré ní àyè tó tó o. Nítorí náà, bí o bá dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò Ìbàdàn, béèrè èyí tí wọ́n ti ṣà kúrò, kí o fi lẹ́ǹsì oní-10 wo orí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mú àwọn tó ṣì jókòó lára àpáta rẹ̀ ju àwọn tó ti já.

Gíráníìtì tí àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù kó sílẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú náà, ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ṣa èyí tó ní ihò tàbí tí ojú kan rẹ̀ pọ́n tàbí ní àwọ̀ ewé. A lè rí epidote, pyrite, calcite, garnet níbẹ̀. Òòlù kọ́ la fi ń gé e wálẹ̀ o, gbogbo kírísítálì ló máa gbọ̀n dànù. Fáìsì ni, tàbí píláyà agéwáyà ńlá: fún un díẹ̀díẹ̀ níbi tó jìnnà sí kírísítálì, pẹ̀lú gọ́gù lójú.

Yanrìn_Dúdú (Àgbádárìgì)
Tó o bá fẹ́ èyí tó kéré sí i, wá sí etí òkun wa. Lẹ́yìn ìgbà tí ìgbì bá ru gidi, wàá rí ìlà dúdú lórí yanrìn níbi tí omi ti padà sẹ́yìn. Òkun ti bá ọ ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́: ó ti gbé fúyẹ́ lọ, ó fi wúwo sílẹ̀. Họ ojú rẹ̀ nìkan, kó má jìn ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ. Kílò 2 ti tó.

Fi omi tí kò níyọ̀ ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, sá a gbẹ. Fi asẹ́ tíì jọ̀ ọ́. Ìkarawun àti quartz gbọ̀ǹgbọ̀n á kù lókè, ohun tó wúwo á bọ́ sísàlẹ̀ nítorí ó kúnná. Gbọ̀n ọ́n nínú igbá pẹ̀lú omi, kí fúyẹ́ máa dà lọ. Gbẹ ẹ́ padà. Wé òòfà lásán sínú ọ̀rá, fà á kọjá lórí rẹ̀: magnetite á lẹ̀ mọ́ ọn. Yọ òòfà kúrò nínú ọ̀rá, magnetite á jábọ́. Láìsí ọ̀rá yẹn, o kò ní fọ òòfà náà tán láéláé. Lẹ́yìn náà, lo òòfà alágbára inú hard disk tó ti kú, fún ilmenite àti garnet. Ohun tó kù ni zircon, rutile, staurolite, kyanite àti quartz díẹ̀. Zircon ni èyí tó ń tàn yanran, tó funfun tàbí tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Rutile pọ́n ṣókùnkùn. Kyanite pẹlẹbẹ. Irun búrọ́ṣì kan ṣoṣo tí a fi itọ́ rẹ̀ lórí ni a fi ń gbé wọn, ẹ̀mú máa ń ta wọ́n nù.

Olùkọ́_Àpáta (Ẹ̀pẹ́)
Ìlànà yẹn péye. Àtúnṣe méjì. Ìkínní, yanrìn etíkun ti rìn jìnnà láti orí àpáta òkè kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, etí zircon rẹ̀ ti yípo púpọ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún, díẹ̀ ló máa ní orí mímú. Ẹni tó fẹ́ èyí tó pé kó lọ sí odò kékeré tó ń ṣàn kọjá lórí àpáta fúnra rẹ̀, apá Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Abẹ́òkúta, kó ṣe iṣẹ́ igbá kan náà níbẹ̀. Àpáta kò sí lójú ilẹ̀ láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́, yanrìn àti amọ̀ ni gbogbo wa dúró lé.

Ìkejì, yanrìn dúdú lè ní monazite, monazite sì ní thorium, tó ń tú ìtànṣán tó lè pa ara lára. Àpótí kékeré kan kò ṣe nǹkan. Má tọ́jú rẹ̀ ní bọ́kẹ́ẹ̀tì bọ́kẹ́ẹ̀tì sí iyàrá tí ẹ ń sùn.

Kí a sì rántí pé òfin ọdún 2007 lórí ìwakùsà fi ohun àlùmọ́nì sí ọwọ́ Ìjọba Àpapọ̀. Gba àyè lọ́wọ́ onílẹ̀ àti baálẹ̀, má sì wọ ibi ìfọ́kúta láìgba àṣẹ.

Awò_Méjì (Ìkòròdú)
Lórí orúkọ tí a ń kọ: pẹ́ńsùlù ni, kì í ṣe bírò. Ọ̀rinrin máa ń tú bírò. Ìdí àpótí ni kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́, má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdérí, torí ìdérí máa ń pààrọ̀ ara wọn bí o bá ṣí mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan. Orúkọ òkúta lè yí padà bí ìmọ̀ bá pọ̀ sí i. Ibi tí a ti rí i, bí o kò bá kọ ọ́ lónìí, kò sẹ́ni tó lè wò ó lójú òkúta mọ́. “Òkè-Ògùn” nìkan kò tó, kọ ìlú tàbí abúlé náà.

Òkúta_Wẹ́wẹ́ (Ìkòròdú)
Mo dúpẹ́ gan-an. Ìbéèrè kan ló kù: sílíkà jẹ́ẹ̀lì inú páálí bàtà ńkọ́, ṣé ó tó? Níbo ni kí n sì máa gbé awò náà sí?

Ìyá_Kírísítálì (Ìkòròdú)
Ti inú páálí bàtà sábà máa ń ti mu omi yó kó tó dé ọwọ́ rẹ. Tú u kúrò nínú ọ̀rá rẹ̀, yan án nínú ófùn ní ìwọ̀n ooru 120°C fún wákàtí méjì, jẹ́ kó tutù nínú ìgò tí a dé pa. Ra èyí tó ń yí àwọ̀ padà, kí o mọ ìgbà tó yó. Mú aláwọ̀ ọsàn, torí cobalt inú aláwọ̀ búlúù kò dára fún ara.

Awò kò gbọdọ̀ wà nínú àpò aláwọ tí wọ́n tà á mọ́. Awọ máa ń mu omi, èébu á sì hu sínú lẹ́ǹsì bí owú aláǹtakùn, ásíìdì rẹ̀ á jẹ gíláàsì, àbùkù yẹn kò sì ní kúrò. Ike ńlá onírọ́bà létí ni kí o gbé e sí, pẹ̀lú gíráàmù 200 sílíkà jẹ́ẹ̀lì. Wo àwọ̀ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá. Nígbà ọyẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ti tó.